AS ni ọmọ mi, wọ́n sún sáà bọ́ọ̀lù wọn síwájú, wọ́n tún gé e kúrú: báwo ni kó ṣe múra?

ÌyáTóbi_Maryland · 19 Oṣù Kẹsàn-án 2020, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti Ọjọ́rú, mi ò rí oorun gidi sùn.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ogún ọdún, ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì kan tó wà nínú Big Ten, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn yunifásítì ti ń bá ara wọn díje. Àwọn tó máa ń wà níwájú gan-an, tí wọ́n ń fi ara kọlu ara, àárín wọn ló wà. Ẹ rántí pé ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ni wọ́n kéde pé kò sí bọ́ọ̀lù mọ́ nítorí Kòrónà. Kíláàsì náà ti di orí kọ̀ǹpútà, ló bá di ẹrù rẹ̀ wá sílé. Látìgbà náà, bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì àti géèmù ni. Mo rí i pé ó ń sanra, ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa sọ fọ́mọ pé kó má jẹun? Àfi bó ṣe di ọjọ́ 16 oṣù yìí tí wọ́n ní àwọn ti yí ìpinnu náà padà: bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó gun òṣùwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Pọ́ùn 22 ló ti fi lé.

Àná ló padà sílé ẹ̀kọ́. Kó tó lọ, mo jí ní agogo márùn-ún ìdájí, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i ní òpópónà wa. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ lé ara wọn, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ní, "Mọ̀mí, ẹsẹ̀ mi wúwo."

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. AS ni jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Èmi AS, bàbá rẹ̀ AA. Nígbà tó wọlé, wọ́n ní kó ṣe àyẹ̀wò tàbí kó buwọ́ lùwé pé òun ò ṣe. Ó buwọ́ lùwé. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Mo ní kó lọ sọ, ó ní bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á fi òun sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti dàgbà, mi ò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣe?

Kóòṣì_Bódìjà · 19 Oṣù Kẹsàn-án, 9:52 alẹ́

Mọ̀mí, ẹ má mikàn. Èmi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bọ́ọ̀lù níbí n'Ìbàdàn. Láti oṣù kẹta ni àwọn yunifásítì ìjọba ti wà ní títì, Kòrónà lápá kan, ìyanṣẹ́lódì ASUU lápá kejì, nítorí náà mo mọ ohun tí ìsinmi gígùn ń ṣe fún ẹsẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá ti ìyanṣẹ́lódì dé, eré sísá ni mo fi ń gbá wọn jí. Yíká pápá ní ìgbà ogún láàárọ̀, òkè gígùn nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bì, kó bì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á lè sá 90 ìṣẹ́jú láìmí gúlegúle. Kó máa sá ni o.

BàbáÌbejì_Houston · 19 Oṣù Kẹsàn-án, 10:30 alẹ́

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ ń sọ lèyí. Èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá ni, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ eré kan, kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ tí fèrè fi máa dún, wọ́n á dúró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kí lẹni tó wọn pọ́ùn 280 fẹ́ fi yíká pápá ìgbà ogún ṣe?

Ìyá Tóbi, SEC, ẹgbẹ́ ìdíje mìíràn bíi Big Ten, lọmọ tèmi wà. Wọn ò fagi lé tiwọn, ńṣe ni wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, ọjọ́ 26 oṣù yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá láàárín ara wọn nìkan. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ni wọ́n ní, síbẹ̀ ọmọ mi ṣèṣe. Ó fẹ́ kí kóòṣì rí òun ní ọjọ́ kẹta, ó fi gbogbo agbára sáré, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fà ya. Ọjọ́ méjìlá ló fi jókòó. Ẹ sọ fún Tóbi pé kò sẹ́ni tó ń gba ife ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ti AS yẹn, èmi ò rí ìdí tó fi máa kéde rẹ̀. Nílé wa, bí ẹni mẹ́rin bá dúró, ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń jẹ́ AS, wọ́n sì ń roko, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ipò ọmọ yín ni ẹlòmíì ń wá. Sáà ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ ni. Bó bá pàdánù méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Bó bá sì ní òun ò gbá lọ́dún yìí rárá, ọdún kan ti jó nínú mẹ́rin tó ní. Kó máa mu omi dáadáa, kó panu mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 6:05 àárọ̀

Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, àmọ́ ohun méjì wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè dákẹ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Èkíní, ọdún kankan ò ní jó. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti fún gbogbo eléré sáà yìí ní ọdún kan sí i, yálà wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tàbí wọn ò gbá. Wọ́n sì ti sọ ṣáájú pé ilé ẹ̀kọ́ ò gbọdọ̀ gba owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá yọwọ́ nítorí Kòrónà. Kí ọmọ náà má ṣe sáré nítorí ẹ̀rù pé àsìkò ń lọ.

Èkejì ló ká mi lára jù. Òótọ́ ni pé AS kì í ṣe àìsàn. Èmi fúnra mi AS ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń roko, bó bá rẹ̀ ẹ́, á gbé ọkọ́ sílẹ̀, á lọ sábẹ́ igi. Agbábọ́ọ̀lù tí kóòṣì dúró lé lórí pẹ̀lú fèrè lẹ́nu kì í sinmi nígbà tó wù ú. Bí ẹni tó jẹ́ AS bá ń sáré tagbáratagbára, léraléra, láìsí ìsinmi láàárín, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ara á gbóná, omi ara á gbẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé iṣan. Iṣan á máa kú, ìdọ̀tí rẹ̀ á máa dà sínú ẹ̀jẹ̀, kídìnrín àti ọkàn ló sì máa forí fá a. Kì í ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn. Ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìgbà tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi gígùn dé, tí wọ́n ń fi ipá lé e bá. Ìgbà tí Tóbi wà yìí gan-an nìyẹn.

Bàbá Ìbejì, ní Houston tí ẹ wà yẹn, ní Yunifásítì Rice, oṣù kẹsàn-án 2006, Dale Lloyd II, ọmọ ọdún 19, sáré yáàdì 100 ní ìgbà 16 níbi ìgbáradì. Ó ṣubú. Ọjọ́ kejì ló kú. AS ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí NCAA sọ ọ́ di òfin láti 2010 pé kí àwọn eléré tó wà ní ìpele kìíní, èyí tó ga jù, ṣe àyẹ̀wò yìí, àfi ẹni tó bá buwọ́ lùwé bí Tóbi ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ kóòṣì ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí iṣan bá fà nítorí ooru máa ń ké, iṣan rẹ̀ á le gbandi bí igi. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ̀. Á wó lulẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú rẹ̀ á ṣì là, á ṣì lè sọ̀rọ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kan iṣan rẹ̀, rírọ̀ lẹ máa bá a. Wọ́n á rò pé ó ń ṣọ̀lẹ, wọ́n á ní kó dìde. Ibi tí ẹ̀mí ti ń bọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé AS ni, wọ́n á dá a dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fún un ní ọ́síjìn, wọ́n á pe 911. Bí wọn ò bá mọ̀ ńkọ́?

Ìyá Tóbi, ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí àtẹ̀gùn. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó tó ti ń sáré kó tó sọ bẹ́ẹ̀?

ÌyáTóbi_Maryland · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 6:40 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ní kò dùn òun, ó kàn wúwo ni. Mo tiẹ̀ fọwọ́ pa á fún un. Rírọ̀ ló wà.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 6:48 àárọ̀

Mi ò lè sọ láti ibi tí mo wà pé nǹkan kan ló ṣe é. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní àárọ̀ yìí, kó má sáré lónìí, kó sì sọ ohun tí ẹ sọ yìí fún dókítà ẹgbẹ́. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì, kó kọjá sí ilé ìwòsàn tààrà. Kó bọ́ súwẹ́tà yẹn dànù. Omi ló ń jáde lára rẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà, ọ̀rá ò kúrò níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Peckham · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 11:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́dún yìí. Mo sin àbúrò ìyá mi nínú oṣù kẹrin nítorí Kòrónà yìí, orí ẹ̀rọ la ti wo ìsìnkú rẹ̀. Mo kà á pé wọ́n yẹ ọkàn eléré 26 tó ti ní Kòrónà wò ní Ohio State, mẹ́rin nínú wọn ni wọ́n rí àmì pé iṣan ọkàn ti wú. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn o. Ẹ ní AS ni, ẹ ní ó sanra, ẹ tún fẹ́ kó wọ àárín àwọn tó ń mí síra wọn lójú. Bọ́ọ̀lù ò lọ síbì kankan. Ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀.

Agbábọ́ọ̀lùÀná_Ohio · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 3:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ipò tí Tóbi wà lèmi náà wà fún ọdún mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò tóbi tó ti Big Ten. AS lèmi náà.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú àfẹ́kù. Òótọ́ ni ìwádìí yẹn, òun wà lára ohun tí Big Ten fi ṣe òfin tuntun wọn. Láti ọjọ́ 30 oṣù yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa yẹ gbogbo wọn wò. Ẹni tó bá ní i, ó di ọjọ́ 21 ó kéré tán kó tó lè gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, wọ́n á sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ wò, títí kan MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Mi ò sọ pé kó gbá tàbí kó má gbá. Ọ̀rọ̀ òun àti ẹ̀yin òbí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá máa gbá, ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Èmi náà fi AS mi pamọ́ ní ọdún kìíní. Ìdí tí Tóbi sọ yẹn náà ni mo ní. Ọjọ́ kejì ìgbáradì, nígbà tí a ń sáré láti ìlà dé ìlà, ẹsẹ̀ mi di ti ẹlòmíì. Mo ń pàṣẹ fún un, kò gbọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko, mo ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí kóòṣì má wojú mi. Mo so okùn bàtà yẹn fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ kan ilẹ̀kùn tréénà wa, ẹni tó ń tọ́jú ara wa, mo sọ fún un. Kò bú mi. Ó fa ìwé kan yọ, ó ní kí n jókòó, ó kọ ọ́ pé ìsinmi mi láàárín eré kan sí òmíràn á jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi aago sá mi. Àwọn kan pè mí lọ́lẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá ó sú wọn. Mo gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọdún yẹn àyàfi ọ̀kan, ọrùn ẹsẹ̀ ló sì fa ìyẹn.

Nítorí náà, tréénà tàbí dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ bá, kó má lọ bá kóòṣì. Àwọn ni wọ́n máa bá kóòṣì sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ní ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ìgbáradì, akoto nìkan ni wọ́n ń dé. Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, akoto àti páàdì èjìká. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó ń di ìhámọ́ra pátápátá. Òfin ni. Kó má jẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyẹn tàn án, kó má lọ fi sísá òru kún un. Ara ìjà ni kó tún kọ́: ọrùn, ìbàdí, ọwọ́. Kó máa ti ohun tó wúwo ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó dúró títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀, kó tún tì í. Iṣẹ́ tó máa ṣe lórí pápá nìyẹn, kì í ṣe sísá yíká òpópónà.

Pọ́ùn 22 yẹn, kó má wá bó ṣe máa yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pọ́ùn méjì lọ́sẹ̀ kan ti tó. Kó dín èbà alẹ́ kù, kó jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Bó bá fi ebi pa ara rẹ̀ kó tó dé àárín àwọn ọkùnrin tó rí bí òkè wọ̀nyẹn, wọ́n á gbá a dànù.

Ohun kan tún wà tí Bàbá Ìbejì ò ní rí láti SEC. Tiyín ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi láàárín. Big Ten ò ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, èyí tí Kòrónà bá fagi lé, ó ti lọ nìyẹn, kò sí àyè tí wọ́n máa fi san án. Ẹni ọjọ́ 21 á wà, ẹni ìpalára á wà. Kò sí kóòṣì tó lè fi ẹni mẹ́rin péré dúró níwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó jókòó ní oṣù kẹwàá ni wọ́n á wá kiri ní oṣù kọkànlá. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èyí lè wọ̀ ọ́ létí ju ọ̀rọ̀ ikú lọ, ọmọkùnrin ni.

EwéLàgbà · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tó kún fọ́fọ́, ọjọ́ márùn-ún, ikùn á fọ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní i, mo lè fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Èmi ò bá ewé jà, agbo ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ń gbẹ omi ara rẹ̀, omi gbígbẹ ni ọ̀tá ẹ̀jẹ̀ AS. Yàtọ̀ sí èyí, NCAA ń yẹ ìtọ̀ wọn wò fún oògùn tí wọ́n fòfin dè, bí nǹkan kan bá jáde, "mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀" kì í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bákan náà ni àwọn ìyẹ̀fun agbára tí wọ́n ń pò mu kí wọ́n tó wọ jíìmù.

BàbáÌbejì_Houston · 20 Oṣù Kẹsàn-án, 8:44 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn Rice yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí, ìrìn láti ibi tí mò ń gbé dé ibẹ̀ ò sì tó ogún ìṣẹ́jú. Mo fa ọ̀rọ̀ mi lórí pípanumọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún Ìyá Tóbi: àwọn kóòṣì kan wà tí wọ́n máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jókòó ọmọ. Nítorí náà, imọ̀ràn Agbábọ́ọ̀lù yẹn ni kó tẹ̀ lé, tréénà ni kó kọ́kọ́ mọ̀, kó sì jẹ́ pé lórí ìwé ni.

Kóòṣì_Bódìjà · 21 Oṣù Kẹsàn-án, 7:30 àárọ̀

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà lábẹ́ mi. Gbogbo wọn ló mọ jẹ́nótáìpù wọn, nítorí nílé wa, kò sẹ́ni tó ń mú àfẹ́sọ́nà lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tàbí àáfà láìmú èsì yẹn dání. A ń béèrè rẹ̀ kí a tó ṣègbéyàwó. Èmi ò béèrè rẹ̀ rí kí n tó lé ọmọ ọlọ́mọ gun òkè. Ọmọ kan wà ní ọdún méjì sẹ́yìn tó jókòó lórí òkè náà, tó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun mọ́, mo sì jágbe mọ́ ọn. Ó dìde, kò sóhun tó ṣe é. Mo pè é ní òru àná. AS ni.

Bí ASUU bá wọlé, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kálukú kí bọ́ọ̀lù tó jáde nínú àpò. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun.

ÌyáTóbi_Maryland · 3 Oṣù Kẹwàá, 10:05 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo fi gbogbo ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí Tóbi. Ọjọ́ méjì kò dá mi lóhùn. Ọjọ́ kẹta ó pè, ó ní òun ka ti ọkùnrin tó ń so okùn bàtà, ó wá dákẹ́ títí. Ó ní, "Mọ̀mí, èmi náà ti so okùn bàtà rí."

Ó ti sọ fún tréénà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kídìnrín rẹ̀ dáa. Wọ́n lẹ táìpù pupa kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn akoto rẹ̀, kí ẹni tó bá wà lórí pápá lè mọ̀. Kóòṣì pè é, ó béèrè pé kí ló dé tí kò sọ tẹ́lẹ̀, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti òwú bọ imú wọn kó tó di agogo méje àárọ̀. Pọ́ùn márùn-ún ti kúrò. Àwọn ẹlòmíì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi síwájú, òun wà lọ́wọ́ kejì. Ó dùn ún, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Èmi sùn dójúmọ́ lọ́jọ́ náà.

ÌyáTóbi_Maryland · 1 Oṣù Kọkànlá, 7:18 alẹ́

Ẹ tún bá mi dá sí i. Ó wọlé ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, eré mẹ́rìnlá ló gbá. Èmi àti bàbá rẹ̀ lọ, nítorí àwọn ẹbí nìkan ni wọ́n gbà láyè. Pápá ńlá, àwa díẹ̀ tí a jókòó káàkiri, a ń gbọ́ bí akoto ṣe ń kọlu akoto. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n fagi lé ti Wisconsin àti Nebraska lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn tiwa náà ti dúró báyìí, àwọn kan ní i. Tóbi ò ní i, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lè pé méjì. Bó bá jáde, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lè kù sí ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé kó kàn padà síbi tó dúró sí ni?

Agbábọ́ọ̀lùÀná_Ohio · 1 Oṣù Kọkànlá, 7:55 alẹ́

Rárá, Mọ̀mí. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá, ìsinmi tuntun nìyẹn. Kó lọ bá tréénà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un, kí wọ́n tún ìwé yẹn kọ. Ọjọ́ kìíní, ìdajì iṣẹ́ àwọn yòókù. Bí ọjọ́ mẹ́rin ò bá tó, kó fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 1 Oṣù Kọkànlá, 8:01 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí ibà tàbí ikọ́ bá yọ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, kódà kí àyẹ̀wò ní kò sí nǹkan, kó má fọwọ́ kan irin. Omi nínú yàrá náà o, kó má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́.

ÌyáTóbi_Maryland · 1 Oṣù Kọkànlá, 8:20 alẹ́

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Ó ti kà á. Ó ní ìgò omi mẹ́fà ló wà lórí tábìlì òun.